Agbọ́n abẹ́ òrùlé àti labalábá ńlá inú igbó, èwo ló léwu jù?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ògbómọ̀ṣọ́ la wà, lápá Tákíè. Agbọ́n kọ́lé sábẹ́ òrùlé wa, bàbá àwọn ọmọ ní àwọn máa dáná sun ún. Bàbá ọkọ mi ní ká fi wọ́n sílẹ̀, pé labalábá ńlá kan wà nínú igbó tí májèlé ẹ̀ ju ti agbọ́n lọ. Ṣóòótọ́ ni? – Ìyá Ìbejì

ÌDÁHÙN: Ẹ kú ilé o, Ìyá Ìbejì. Labalábá yẹn ní májèlé lóòótọ́, àmọ́ májèlé yàtọ̀ sí oró. Irú májèlé tiẹ̀, àfi kéèyàn jẹ ẹ́. Oró, wọ́n á ta á síni lára ni.

Papilio antimachus ni wọ́n ń pè é, kò sí labalábá tó tó o ní gbogbo Áfíríkà, tó bá na ìyẹ́ tán ó lè ju 20 sẹ̀ǹtímítà lọ, ẹ mú rúlà àwọn ìbejì kẹ́ ẹ wò ó! Ilẹ̀ ọ̀dàn bíi tiwa níbí kọ́ ló ń gbé o, igbó kìjikìji ni, akọ ló máa ń sọ̀kalẹ̀ wá mumi létí odò, abo ò fi bẹ́ẹ̀ kúrò lókè igi. Kò lè ta yín, kò sì lè gé yín jẹ, ẹyẹ tó bá gbé e mì ló máa rí wàhálà.

Agbọ́n ló ń ta, àmọ́ abo nìkan ni, torí ohun tí wọ́n fi ń yé ẹyin láyé àtijọ́ ló di abẹ́rẹ́ yẹn, akọ ò ní in rárá. Àwọn abo yìí náà ló ń kọ́lé, wọ́n á họ igi gbígbẹ, wọ́n á jẹ ẹ́ pọ̀ mọ́ itọ́, ó di bébà, iṣẹ́ ọwọ́ wọn yẹn wù mí gan-an. Kòkòrò tó ń jẹ ewé ilá yín ni wọ́n ń pa bọ́ ọmọ wọn, tí wọ́n bá rí ọmọ labalábá, ẹran ni.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dáná sábẹ́ òrùlé, pákó ló wà níbẹ̀. Tílé wọn bá ga tó sì jìnnà sẹ́nu ọ̀nà, ẹ fi wọ́n sílẹ̀, kẹ́ ẹ kìlọ̀ fáwọn ọmọ kí wọ́n má sọ ọ́ lókùúta. Tó bá jẹ́ ibi tẹ́ ẹ ń gbà kọjá ni, ẹ wá ẹni tó mọṣẹ́ ẹ̀. Ẹni tí wọ́n bá sì ta tójú ẹ̀ wú tàbí tí kò lè mí dáadáa, ọsibítù lójú ẹsẹ̀, ẹ má dúró se àgbo.