Ohun tí iná àti ṣúgà ṣe sí èso ni kọ́sítọ́ọ̀mù ń wò

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. London ni mò ń gbé, mo sì ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan tí mo ti ń ta oúnjẹ ilé wa. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní Ògbómọ̀ṣọ́ fẹ́ máa kó kajú, ẹ̀pà, ìpékeré, ọ̀pẹ òyìnbó gbígbẹ àti máńgòrò gbígbẹ ránṣẹ́ sí mi. Agẹ́ǹtì tó máa bá wa já ẹrù ní kí n fi kóòdù HS, nọ́ńbà tí kọ́sítọ́ọ̀mù fi ń dá ọjà mọ̀, ránṣẹ́ fún ọjà kọ̀ọ̀kan. Mo wá a lórí íntánẹ́ẹ̀tì, mo rí kajú ní 0801, mo tún rí i ní 2008. Èwo ni kí n kọ? Àbí kí n kàn kọ "èso gbígbẹ" sí gbogbo rẹ̀?

Ìdáhùn: Àǹtí mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kọ "èso gbígbẹ" sí gbogbo rẹ̀. Mo ti rí ẹrù tí ọ̀rọ̀ méjì yẹn dá dúró ní èbúté fún ọ̀pọ̀ ọjọ́. Nígbà tí aṣọ́bodè tú àpò kan wò, ẹ̀pà yíyan oníyọ̀ ló bá níbẹ̀. Láti ìgbà náà ni kò ti gba ìwé náà gbọ́ mọ́, àpò tó kù ló ń tú lọ́kọ̀ọ̀kan. Oníṣòwò yẹn kò purọ́ o. Kò mọ̀ pé ọ̀nà ẹ̀pà yíyan yàtọ̀ sí ti èso gbígbẹ ni.

Àjọ Kọ́sítọ́ọ̀mù Àgbáyé, tí olú ilé iṣẹ́ rẹ̀ wà ní Brussels, ló ń tọ́jú ìwé kóòdù yìí, ìwé náà sì ti ń ṣiṣẹ́ láti ọdún 1988. Nọ́ńbà mẹ́fà àkọ́kọ́ kan náà ni káàkiri ayé, nítorí náà ohun tí ẹ̀gbọ́n yín kọ ní Nàìjíríà gbọ́dọ̀ bá tiyín mu títí dé nọ́ńbà kẹfà. Bírítéènì ló ń fi mẹ́rin kún un kí ó pé mẹ́wàá fún ọjà tó ń wọlé.

Ẹ ti rí kajú níbi méjì nítorí pé orí méjì nínú ìwé náà ló pín èso láàárín ara wọn jù, Orí 8 àti Orí 20; nọ́ńbà méjì àkọ́kọ́ kóòdù ló ń sọ orí tó wà. Orí 8 gba èso tútù, èyí tí wọ́n gbẹ, àti èyí tí wọ́n mú di yìnyín. Kódà tí wọ́n bá fi omi bọ̀ ọ́ kí ó tó wọ yìnyín, 0811 ló ṣì wà. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá yan án, tí wọ́n dín in, tàbí tí wọ́n jẹ́ kí ṣúgà wọ inú rẹ̀ ṣinṣin, ó ti kúrò níbẹ̀, Orí 20 ló lọ. Ẹ má bi ẹ̀gbọ́n yín pé "kí ni ẹ ń kó bọ̀?" Ẹ bi wọ́n pé "kí ni ẹ ṣe sí i?"

Ẹ jẹ́ ká mú kajú. Kò sí kajú tí iná kò kàn, nítorí wọ́n máa ń fi ooru mú èèpo rẹ̀ kí ó tó ṣeé fọ́, wọ́n á sì tún gbẹ ọmọ inú rẹ̀ kí awọ pupa yẹn lè bó. Ìyẹn kò mú un kúrò ní Orí 8. Kajú tí wọ́n ti bó èèpo rẹ̀, 0801.32 ni. Àmọ́ tí ẹ̀gbọ́n yín bá tún yan án kí ó lè ta sánsán kí ó sì dùn ún jẹ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ì báà fi òróró tàbí iyọ̀ sí i tàbí kó má fi sí i, 2008.19 ni.

Ẹ̀pà ló máa ń ya àwọn ènìyàn lẹ́nu jù. Ẹ̀pà tútù kò sí ní Orí 8 rárá, torí pé ara àwọn irúgbìn tí a ń fún òróró nínú wọn ni ìwé náà kà á mọ́: 1202.41 bí ó bá wà nínú èèpo, 1202.42 bí wọ́n bá ti pa á. Ìlà yẹn sọ gbangba pé kò gbọ́dọ̀ tíì rí iná. Nítorí náà ẹ̀pà yíyan, 2008.11 ni, ẹ̀pà tí wọ́n sè tí wọ́n wá sá gbẹ náà, ibẹ̀ ni.

Ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà yóò fi hàn yín bí ohun kan ṣoṣo ṣe lè pín sọ́nà mẹ́ta. Tí ẹ bá gé e tí ẹ sá a gbẹ, 0803.10. Tí ẹ bá lọ̀ ọ́ di èlùbọ́, 1106.30. Tí ẹ bá dín in di ìpékeré, 2008.99.

Ọ̀pẹ òyìnbó àti máńgòrò ni kí ẹ farabalẹ̀ sí, torí ṣúgà. Bí wọ́n bá kàn gé wọn tí wọ́n gbẹ wọn láìfi ohunkóhun sí i, 0804.30 ni ọ̀pẹ òyìnbó, 0804.50 ni máńgòrò. Ṣúgà díẹ̀ tí wọ́n fi kàn án kò yí i padà. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ẹni tó ń gbẹ èso báyìí máa ń rẹ ẹ́ sínú omi ṣúgà tó nípọn fún wákàtí gígùn, kí omi èso jáde kí ṣúgà sì gba ipò rẹ̀, kí wọ́n tó wá gbé e sínú ẹ̀rọ. Lójú, èso gbígbẹ ni. Lójú kọ́sítọ́ọ̀mù, 2008 ni: 2008.20 fún ọ̀pẹ òyìnbó, 2008.99 fún máńgòrò. Èyí tí wọ́n sè nínú omi ṣúgà tó ń nípọn sí i léraléra títí ó fi ń dán, 2006 ni. Bí wọ́n bá sè é di jáàmù, 2007. Dàbínù tiẹ̀ lè ní ṣúgà tó gbẹ sí ara rẹ̀ bí iyọ̀, síbẹ̀ 0804.10 ló wà, nítorí ṣúgà tirẹ̀ ló jáde, ẹnikẹ́ni kò fi sí i.

Lẹ́yìn nọ́ńbà mẹ́fà yìí ni Bírítéènì tún ń béèrè ìwọ̀n ṣúgà. Ní 2006, ó fẹ́ mọ̀ bóyá ó ju ìwọ̀n 13 nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Ní 2008.11 àti 2008.19, ó ń béèrè bóyá ohun tó wà nínú ọ̀rá kọ̀ọ̀kan ju kílò kan lọ. Ẹ kọ ìwọ̀n ohun tó wà nínú ọ̀rá kọ̀ọ̀kan sí ìwé ọjà, torí kajú yíyan kan náà lè gba kóòdù méjì.

Bí ọ̀kan kò bá dá yín lójú, ẹ kọ̀wé sí HMRC, àjọ owó orí àti kọ́sítọ́ọ̀mù Bírítéènì, fún Advance Tariff Ruling, ìyẹn ìwé tí wọ́n fi ń sọ kóòdù ọjà yín kí ẹrù tó dé. Wọn kì í gba owó fún un, ọdún mẹ́ta ló ń lò, aṣọ́bodè kò sì lè sọ òmíràn bí ẹrù bá bá ohun tí ẹ kọ mu. Èmi á ṣe é fún ọ̀pẹ òyìnbó bó bá jẹ́ pé ẹ̀gbọ́n yín ń rẹ ẹ́.

Owó VAT, ìyẹn owó orí tí wọ́n ń gbà lórí ọjà títà, lọ́tọ̀ ni. Ọ̀pọ̀ oúnjẹ kò ní i ní Bírítéènì, ṣùgbọ́n kajú tàbí ẹ̀pà tí wọ́n yan tàbí tí wọ́n fi iyọ̀ sí, tí kò sí nínú èèpo, ìwọ̀n 20 nínú ọgọ́rùn-ún ni. Ẹ̀pà yíyan tó ṣì wà nínú èèpo kò san án. Ẹ ro ìyẹn mọ́ iye tí ẹ máa tà á.

Nàìjíríà wà nínú DCTS, ètò Bírítéènì fún àwọn orílẹ̀-èdè tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gòkè àgbà, tó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹfà ọdún 2023, tó ń dín owó ibodè kù lórí ọ̀pọ̀ ọjà, ẹ̀yin sì gbọ́dọ̀ ní ẹ̀rí pé Nàìjíríà ni ọjà ti wá. Bí ẹ̀gbọ́n yín bá máa ń ra kajú kún un láti Parakou ní orílẹ̀-èdè Benin, kí wọ́n má dà á pọ̀, ipò orílẹ̀-èdè yẹn nínú ètò náà yàtọ̀. Kóòdù tó tọ́ kò sì ní kí wọ́n má yẹ ẹ̀pà wò fún aflatoxin, oró tó ń wà nínú ẹ̀pà tó bu. Oró náà kò gbọ́dọ̀ ju máíkírógíráàmù 4 lọ nínú kílò kan ẹ̀pà tí a fẹ́ jẹ bẹ́ẹ̀.

Ní báyìí, kí ẹ̀gbọ́n yín mú bébà kan fún ọjà kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n kọ gbogbo ohun tí wọ́n ṣe sí i láti ìgbà tó ti oko dé títí wọ́n fi dì í: iná wo, fún ìṣẹ́jú mélòó, ṣúgà mélòó, iyọ̀ mélòó, òróró wo. Kí wọ́n ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ kí wọ́n tó lẹ ọ̀rá àkọ́kọ́. Bébà yẹn ni agẹ́ǹtì yín á fi kọ kóòdù, òun náà lẹ máa fi ṣọwọ́ sí HMRC.