Ìbéèrè àti Ìdáhùn: Mo fẹ́ gba ìlànà márùn-ún ẹ̀sìn Búdà, kí ni kí n pèsè?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Àkúrẹ́ ni mo ń gbé. Ó ti pẹ́ díẹ̀ tí mo ti ń ṣe àṣàrò, tí mo sì ń ka ẹ̀kọ́ Búdà. Mọ́ńkì kan láti Theravada, ẹ̀ka kan nínú ẹ̀sìn Búdà, tó wà ní Entebbe, ní Uganda, ti gbà láti fún mi ní ìlànà márùn-ún lórí fídíò WhatsApp. Kí ni mo máa pèsè? Ṣé mo máa fá orí ni? Ọmọ Oǹdó ni ìyá mi, ẹbí wọn sì máa ń pa ẹran níbi ọdún Ògún. Báwo ni mo ṣe máa ṣe ìyẹn?

Ìdáhùn: Ẹ fi orí yín sílẹ̀ bó ṣe wà. Ẹni tó fẹ́ di mọ́ńkì ló ń fárí. Onílé lẹ̀yin, ìyẹn ọmọlẹ́yìn Búdà tó níṣẹ́, tó lẹ́bí, tí kì í ṣe mọ́ńkì. Aṣọ funfun tó mọ́, tó bo èjìká àti orúnkún, ti tó. Ẹ bọ́ bàtà, ẹ tẹ́ ẹní, kí fóònù sì ga ju ibi tí ẹ jókòó sí lọ, nítorí mọ́ńkì ló wà nínú rẹ̀. Bí òdòdó, àbẹ́là tàbí tùràrí bá wà, ó dáa. Bí kò bá sí, kò ba nǹkan kan jẹ́. Ẹ lè ta ilé ìsìn lọ́rẹ bó bá wù yín, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ní kí ẹ san iye kan kí òun tó fún yín ní ìlànà, ẹ sá fún un.

Iṣẹ́ tó pọ̀ jù wà ṣáájú ọjọ́ náà. Ohun tí ẹ máa ṣèlérí ni pé ẹ ò ní pa ohun ẹlẹ́mìí, ẹ ò ní mú ohun tí wọn kò fún yín, ẹ ò ní ṣe ìṣekúṣe, ẹ ò ní purọ́, ẹ ò sì ní mu ọtí tàbí ohun mìíràn tó ń pani bí ọtí. Ẹ fi ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan dán ọ̀kọ̀ọ̀kan wò, kí ẹ mọ ibi tó ti máa dùn yín.

Ti pípa ló ń fa ìbéèrè jù. Nǹkan márùn-ún ló gbọ́dọ̀ pé kí ìlànà yìí tó bàjẹ́: kí nǹkan náà ní ẹ̀mí, kí ẹ mọ̀ pé ó ní, kí ẹ ní in lọ́kàn láti pa á, kí ẹ gbé ìgbésẹ̀, kó sì kú. Èèrà tí ẹ tẹ̀ láìmọ̀ kò sí nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá na ìka sí adìẹ ààyè kan ní Ọjà Ọba, tí ẹ ní kí wọ́n pa á fún yín, ẹ̀yin lẹ pa á, torí àṣẹ náà jẹ́ ìgbésẹ̀. Ẹran tí wọ́n ti pa kí ẹ tó dé ìsọ̀ kò ba ìlànà jẹ́ ní ọ̀nà Theravada. Oògùn eku àti oògùn ẹ̀fọn ńkọ́? Pípa ni, ẹ má wá orúkọ míì fún un. Ẹ fi nẹ́ẹ̀tì sójú fèrèsé, kí ẹ sì dí ihò eku. Bó bá jẹ́ pé ọtí tàbí oògùn kòkòrò lẹ̀ ń tà, ẹ sọ fún mọ́ńkì ṣáájú: òwò ọtí, májèlé, ohun ìjà, ẹran àti ènìyàn ni Búdà ní kí onílé yàgò fún.

Ní ti ọtí, ẹmu àti bíà kì í tan ẹnikẹ́ni jẹ. Paraga ló ń tanni. Agbo jẹ̀dí tí wọ́n fi ògógóró rẹ, ọtí ni. Olómi ni kí ẹ bèèrè. Irọ́ sì wà níbi tí a kò fiyè sí: “mo ti wà lójú ọ̀nà” nígbà tí ẹ ṣì ń wẹ̀. (Bóyá ìlànà yìí ló le jù ní Àkúrẹ́.)

Èdè Pálì, èdè àtijọ́ tí wọ́n fi kọ ìwé mímọ́ Theravada, lẹ máa fi gbà á, mọ́ńkì á máa pè, ẹ̀yin á máa tẹ̀ lé e. Ẹ kọ́kọ́ há ìparí rẹ̀ sórí, torí kò yí padà nínú gbólóhùn márààrún: *veramani sikkhapadam samadiyami*. Àṣìṣe ń bẹ nínú pípe lẹ́tà: *c* inú *micchacara* (ìlànà kẹta) kì í ṣe *k*, bíi *ch* inú “church” ni, *th* inú *pamadatthana* (ìlànà karùn-ún) kì í ṣe ti “thing”, *t* tó ní èémí díẹ̀ ni. Bí *v* bá ṣòro, ẹ pè é bíi *w*. Ṣáájú ìlànà, ẹ máa kí Búdà lẹ́ẹ̀mẹ́ta (*Namo tassa…*), ẹ ó sì sá di Búdà, Dhamma (ẹ̀kọ́ rẹ̀) àti Sangha (àwùjọ àwọn mọ́ńkì), ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Fídíò máa ń pẹ́ díẹ̀ kó tó gbé ohùn dé. Bí ẹ bá bẹ̀rẹ̀ kí mọ́ńkì tó parí, ohùn méjèèjì á pàdé, ẹnikẹ́ni ò ní gbọ́ nǹkan kan. Ẹ bẹ̀ ẹ́ kó máa gé gbólóhùn sí méjì. Ẹ gba agbára sí fóònù lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, kí ẹ sì jìnnà sí jẹnẹrétọ̀. Entebbe fi wákàtí méjì ṣáájú wa. Mọ́ńkì kì í jẹun lẹ́yìn ọ̀sán gangan, nítorí náà ẹ má pè é láàárín aago mẹ́sàn-án sí mẹ́wàá àárọ̀ wa, àsìkò oúnjẹ rẹ̀ ni. Aago méjì ọ̀sán wa á dáa.

Ọdún Ògún: ẹ lè lọ, ẹ lè bá ẹbí jókòó. Ohun tí ẹ ò gbọ́dọ̀ ṣe ni kí ẹ dáwó ra ajá tàbí àkùkọ tí wọ́n máa pa. Ẹ sọ ọ́ fún ìyá yín nígbà tí ọdún ṣì jìnnà, kì í ṣe láàárọ̀ ọjọ́ náà lójú àwọn àgbà: “Màmá, iṣu àti epo ni kí ẹ kà sí tèmi.” Bí wọ́n bá gbé ọtí kalẹ̀ fún yín, ẹ gbà á tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, kí ẹ gbé e fún ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín.

Bí ìlànà kan bá já lọ́wọ́ yín, kò sẹ́ni tó máa lé yín jáde, ẹ kò sì nílò láti dúró de mọ́ńkì. Ẹ jókòó sórí ẹní, ẹ sá di Búdà, Dhamma àti Sangha, kí ẹ tún gba márààrún. Ọ̀pọ̀ onílé máa ń tún un gbà lọ́jọ́ òṣùpá àrànmọ́jú, yálà ó já tàbí kò já.