Ẹ jẹ́ kí ọ̀rọ̀ dé gbogbo ojúlé kí ẹ tó ra bọ́ọ̀lù

Ẹ kú iṣẹ́ o, arábìnrin wa. Mo rí ìbéèrè yín pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi yín ṣe akọ̀wé ẹgbẹ́ onílé àti ayálégbé ní ẹ́sítéètì yín ní Ìgbógbó, n’Ìkòròdú níbí, àti pé wọ́n ní kí ẹ ṣètò ìròyìn àti eré fún tọmọdé tàgbà nígbà ìsinmi ọlọ́jọ́ gígùn tó ń bọ̀ yìí. Ẹ béèrè ohun tí ẹ máa kọ́kọ́ rà, àti iye tó yẹ kí ẹ gbà lọ́wọ́ ojúlé kọ̀ọ̀kan. Mo ti ṣe iṣẹ́ yìí fún ọdún mẹ́fà ní ẹ́sítéètì tiwa lápá Òdógunyàn. Ohun tí mo fẹ́ bẹ̀ yín ni pé kí ẹ má tíì ra nǹkan kan. Ẹ kọ́kọ́ wádìí bí ọ̀rọ̀ ṣe ń dé ojúlé kọ̀ọ̀kan lọ́dọ̀ yín. Ìgbà tí ọmọ ọlọ́mọ fẹ́rẹ̀ẹ́ sọnù mọ́ mi lọ́wọ́ ni mo tó mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Lọ́dún àkọ́kọ́, ohun tí ojú ń rí ni mo gbájú mọ́. Mo sáré kó owó jọ, a háyà tẹ́ǹtì, a háyà ilé rọ́bà tí wọ́n ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sí, tí àwọn ọmọdé ń fò sókè sódò nínú rẹ̀. A dá aṣọ eré fún àwọn ọmọ, a tẹ orúkọ ẹ́sítéètì sí i láyà. A tún ní bọ́ọ̀sì yóò gbé wọn lọ sí Ẹ̀pẹ́ lọ́sẹ̀ tó máa kẹ́yìn. Ọ̀rọ̀ Ẹ̀pẹ́ yìí ni àwọn ọmọ fi ń jí, òun ni wọ́n fi ń sùn.

Lọ́jọ́ Sátidé kejì, òjò rọ̀ mọ́jú. Nígbà tó fi máa di aago mẹ́fà àárọ̀, pápá wa ti di odò. Mo gbé fóònù, mo kọ ọ́ sórí ẹgbẹ́ WhatsApp ẹ́sítéètì wa pé a ti sún eré ọjọ́ náà sí Sátidé tó ń bọ̀. Bí èèyàn mẹ́wàá fèsì pé àwọn ti gbọ́. Mo padà sùn. Ìyá kan wà ní ilé ẹ̀yìn lójú pópó kẹta, ata ló ń tà ní Sábó, fóònù kékeré onítọ́ọ̀ṣì ló sì ń lò. Ó ti wẹ̀ fún ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, ọmọ ọdún méje, ó ti wọ aṣọ eré fún un, ó ní kó máa lọ sí pápá tí òjò bá ti dá díẹ̀, òun náà sì gba ọ̀nà ọjà lọ. Ọmọ dé pápá, kò bá ẹnì kankan. Ó dúró títí. Ohun tó wá sí i lọ́kàn ni pé bọ́ọ̀sì Ẹ̀pẹ́ ti gbéra, wọ́n ti fi òun sílẹ̀. Ló bá gba gétì jáde, ó ń wá bọ́ọ̀sì náà lọ.

Aago mọ́kànlá ti kọjá kí a tó rí i. Obìnrin kan tó ń din àkàrà létí títì ló mú un wọ abẹ́ agbòjò rẹ̀, ó fi ìró bò ó, ó sì ń bi gbogbo oníkẹ̀kẹ́ tó ń kọjá bóyá wọ́n mọ ilé rẹ̀. Oníkẹ̀kẹ́ kan ló dá orúkọ tó wà láyà aṣọ rẹ̀ mọ̀ tó fi gbé e wálé. Mo ti múra sílẹ̀ pé ìyá ọmọ yóò bú mi, nítorí ẹ̀bi mi ni. Kò bú mi. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níwájú gétì, ó gbé ọmọ lé itan, ó ní, “Ẹ ní ẹ ti sọ. Ta lẹ sọ ọ́ fún?”

Mi ò rí èsì fọ̀. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, èmi àti akápò jókòó, a ka ojúlé tó wà lọ́dọ̀ wa, a sì ka àwọn tó wà lórí WhatsApp. Kò tó ìdajì. Àwọn ta ni kò sí níbẹ̀? Àwọn ayálégbé ilé ẹ̀yìn, ìyàwó àti ọmọ màígáàdì, àwọn kọ́lékọ́lé tó ń gbé inú ilé tí kò tíì parí, àwọn àgbà tí ojú wọn kò ríran ka nǹkan kékeré mọ́, àtàwọn tó ti jáde nítorí pé àdúrà, ìpolówó ọjà àti ìjà òṣèlú ti pọ̀ jù níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ àwọn wọ̀nyí gan-an ni ọmọ wọn máa ń wà nílé láìsí àgbà lọ́dọ̀ wọn nígbà ìsinmi, torí òbí wọn kò rówó sọ́mà lẹ́sìn san, wọn kò sì lè jókòó ti ọmọ nílé.

Nítorí náà, ẹ mú ìwé olójú-ewé púpọ̀ kan, kí ẹ̀yin àti ẹnì kejì rìn láti ojúlé dé ojúlé. Ọwọ́ ìrọ̀lẹ́ ló dára, nígbà tí àwọn ọlọ́jà ti dé. Ẹ kọ orúkọ ọmọ àti ọjọ́ orí rẹ̀, irú fóònù tí òbí ń lò, àti orúkọ ẹni tó lè wá mú ọmọ náà nígbà tí eré bá parí. Ẹ béèrè àìsàn pẹ̀lú. Ẹ fi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ béèrè, ẹ má ṣe é lójú àlejò. Ọmọ kan wà lọ́dọ̀ wa tó ní fòníkú-fọ̀ladìde, òmíràn ní ikọ́ fée, ẹ̀kẹta kò gbọdọ̀ fẹnu kan ẹ̀pà. Ká ní a ò béèrè, kúlíkúlí la fẹ́ pín fún gbogbo wọn.

Lójú pópó kọ̀ọ̀kan, ẹ wá ẹnì kan tí yóò máa kanlẹ̀kùn. A kọ́kọ́ fi iṣẹ́ yẹn fún àwọn onílé, kò ṣiṣẹ́, torí ọ̀pọ̀ wọn ni kò mọ ayálégbé tó wà ní ẹ̀yìnkùlé ara wọn. Ìyá tó ń ta búrẹ́dì àti ọṣẹ ní ìkóríta ló mọ gbogbo èèyàn. Ó mọ ẹni tó ti kó lọ, ó mọ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ. Bí ẹ bá sọ ọ̀rọ̀ fún un ní aago mẹ́fà, gbogbo ojú pópó ti gbọ́ kí ó tó di méje.

Ẹ má pa WhatsApp tì o. Ẹ ṣe òmíràn tí ẹ̀yin aláṣẹ nìkan lè kọ nǹkan sí, kí ariwo má bo ìròyìn mọ́lẹ̀. Ẹ máa fi ohùn sọ ọ́, ní Yorùbá, kó má ju ìṣẹ́jú kan lọ. Látìgbà tí a ti bẹ̀rẹ̀ èyí ni àwọn ìyá àgbà ti ń ní kí ọmọ-ọmọ wọn fi ìròyìn sí i fún àwọn. A tún gbé pátákó kan sí ẹnu gétì, a fi páànù bò ó lórí nítorí òjò. Nọ́ńbà pàjáwìrì ti Ìpínlẹ̀ Èkó, 767 àti 112, a fi ọ̀dà kọ wọ́n sí i lókè gàdàgbà. Agogo sì wà lọ́wọ́ màígáàdì. Bí ètò bá yí padà láàárọ̀, yóò lù ú lẹ́ẹ̀mẹta, yóò sì máa dá ọmọ tó bá dé padà sílé pẹ̀lú àgbà kan. Ọmọdé kì í dá jáde ní gétì láìsí ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé. Ọ̀gá kan bínú sí màígáàdì wa lórí ọ̀rọ̀ yìí lọ́dún kan, ó ní ṣé òun kò lè mú ọmọ àbúrò òun jáde ni. A dúró ti màígáàdì náà. Ẹ̀yin náà gbọ́dọ̀ dúró ti tiyín, torí bí ẹ bá jẹ́ kí wọ́n jágbe mọ́ ọn lẹ́ẹ̀kan, kò ní dá ẹnikẹ́ni dúró mọ́.

Ohun mìíràn tó ń jẹ́ kí wọ́n tẹ́tí sí ìròyìn ni pé kó má jẹ́ ti eré nìkan. Alẹ́ Ọjọ́bọ̀ ni tiwa máa ń jáde. Ọjọ́ tí PSP máa wá kó ìdọ̀tí, bí ọ̀rọ̀ tíráńsífọ́mà ṣe dé, ẹni tó bímọ, ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀, lẹ́yìn náà ètò àwọn ọmọ. Ẹni tí kò lọ́mọ gan-an yóò gbọ́ ọ dópin.

Ní ti ọjọ́, ìparí Oṣù Keje ni ilé ìwé sábà máa ń ti, wọ́n á sì wọlé padà ní Oṣù Kẹsàn-án. Òjò Oṣù Kẹfà àti Keje kì í fúnni láàyè, ṣùgbọ́n ó máa ń dẹwọ́ nínú Oṣù Kẹjọ. Ẹ kó gbogbo eré pápá sínú Oṣù Kẹjọ, kí ẹ fi ti abẹ́ òrùlé ṣáájú. Ẹ sì rántí pé Ìkòròdú la wà. Kí ẹ tó kéde ọjọ́ kankan, ẹ bi àwọn àgbà àdúgbò tàbí kí ẹ rán èèyàn sí ààfin bóyá ọjọ́ orò bọ́ sí i. Obìnrin kì í jáde lọ́jọ́ yẹn, ọ̀pọ̀ nínú yín ẹ̀yin tí ẹ kó wá láti Èkó ni kò sì mọ̀. A ti fi ètò ìdáná àwọn ọmọbìnrin sí irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ rí, ọpẹ́lọpẹ́ bàbá kan tó tètè pe alága wa.

Ẹ ó rí i pé owó kékeré ni eré tó dára jù ń gbà. Nígbà tí a dáwọ́ ilé rọ́bà dúró, a gbé ọpọ́n ayò mẹ́ta sábẹ́ igi máńgòrò. Bàbá kan wà, òṣìṣẹ́ fẹ̀yìntì, tí a kì í rí níta àyàfi ọjọ́ Àìkú. Òun ló ń kọ́ àwọn ọmọ. Ihò 12, ọmọ ayò 48, mẹ́rin mẹ́rin nínú ihò kọ̀ọ̀kan. Ó ní kí wọ́n má kà á síta, kí wọ́n máa fi ojú kà á, kí wọ́n mọ ibi tí ọmọ ayò tó kẹ́yìn máa bọ́ sí kí wọ́n tó gbé e. Ẹni tí ọmọ ayò rẹ̀ tó kẹ́yìn bá sọ ọmọ ayò inú ihò alátakò rẹ̀ di méjì tàbí mẹ́ta ló jẹ ẹ́. Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ọmọbìnrin ọdún mẹ́wàá kan ti di ọ̀ta ayò, ó ń na àwọn bàbá. Ìṣirò tí kò fẹ́ fojú rí nílé ìwé ló ń ṣe láìmọ̀. Bàbá yẹn náà ló máa ń sọ ìtàn fún wọn lẹ́yìn ayò, bí àwọn Ẹ̀gbá ṣe dó ti Ìkòròdú, tí Glover, Gẹ̀ẹ́sì tó ń ṣàkóso Èkó nígbà náà, rán ọmọ ogun wá láti Èkó ní 1865 tí ìdótì náà fi túká. Àwọn ọmọ tí wọ́n bí síhìn-ín kò gbọ́ ọ rí. Òbí wọn pàápàá máa ń fà sún mọ́ tòsí.

Ẹ fi gọ́tà kún un. Kì í ṣe iṣẹ́ ọmọdé láti wọ inú gọ́tà o, àgbà ni kó kó o. Ti àwọn ọmọ ni kí wọ́n máa rìn yíká lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kí wọ́n da omi inú táyà, agolo àti ìkòkò òdòdó nù. Láàárín bí ọ̀sẹ̀ kan sí ọjọ́ mẹ́wàá, ẹyin tí ẹ̀fọn yé sínú omi ti di ẹ̀fọn tó ń fò, ìdí nìyẹn tí ẹ̀ẹ̀kan lóṣù kò fi tó.

Ọ̀rọ̀ owó wá kù. Lọ́dún kejì, a ní kí ọmọ kọ̀ọ̀kan san owó kó tó wọ pápá. Àwọn tí kò san dúró sẹ́yìn ọgbà, wọ́n di irin mú, wọ́n ń wò. Ọmọ onílé ń jẹ bisikíìtì, ọmọ màígáàdì ń wò ó lẹ́nu. Mi ò tún fẹ́ rí irú rẹ̀ láyé mi. Ẹ má gba owó lórí ọmọ. Ẹ yọ ọ́ nínú owó ẹgbẹ́, kí ẹni tó bá lágbára fi tirẹ̀ kún un, kí ẹ sì lẹ gbogbo ìnáwó mọ́ pátákó, títí kan owó omi. Lọ́dún tí a kọ́kọ́ lẹ̀ ẹ́ ni àwọn tó ń fẹnu sọ pé a ń jẹ owó dákẹ́.

A lọ sí Ẹ̀pẹ́ nígbẹ̀yìn, lọ́dún kẹta, a gba Ìtòìkín. A mú wọn dé ọjà ẹja Olúwo, a sọ fún wọn pé Ẹ̀pẹ́ yìí ni Ọba Kòsọ́kọ́ sá wá nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì lé e kúrò lórí oyè ní Èkó lọ́dún 1851. Ẹ̀ẹ̀mẹta la ka orí àwọn ọmọ, kí a tó kúrò nílé, nígbà tí a dé ọjà, àti kí bọ́ọ̀sì tó gbéra padà. Ọmọ ìyá aláta yẹn ló jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ awakọ̀.

Ìsinmi ti sún mọ́lé. Bí ẹ bá bẹ̀rẹ̀ sí í rìn lọ́sẹ̀ yìí, ojú pópó méjì lálẹ́ kọ̀ọ̀kan, ẹ ó ti parí ìwé orúkọ kí wọ́n tó ti ilé ìwé. Ilé ẹ̀yìn ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ rí bí a ṣe fa ìlà ìwé tiwa, ẹ sọ, màá ya fọ́tò ojú ewé kan tí kò sí orúkọ ẹnikẹ́ni nínú rẹ̀ fún yín.