Hilux Dísù Tó Ń Fa Tírélà Gòkè: Ooru Tí Geèjì Omi Kì Í Sọ

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá. Hilux dísù oní-gíà ọwọ́ ni mo fi ń fa tírélà kékeré tó kó òkúta wẹ́wẹ́ láti apá Ọ̀dẹ̀dá wọ Abẹ́òkúta. Tí mo bá ti ń gun òkè, agbára ọkọ̀ á dínkù, èéfín dúdú á máa tú jáde, àmọ́ geèjì ooru kì í kúrò láàárín. Ṣé kí n máa tẹná mọ́lẹ̀ títí màá fi dé orí òkè?

Ìdáhùn: Rárá o, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Ooru omi rédíétọ̀ ni geèjì yẹn ń sọ, omi kì í sì tètè gbóná. Èéfín tó ń jáde látinú ẹ́ńjìnnì lọ sínú tọ́bò (ẹ̀rọ tó ń fi agbára èéfín fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú ẹ́ńjìnnì) ni kí ẹ bẹ̀rù. Ìyẹn lè gbóná kọjá ààlà láàárín ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan, kí abẹ́rẹ́ geèjì omi tó mira rárá.

Nínú ẹ́ńjìnnì dísù, ẹsẹ̀ yín kì í fi afẹ́fẹ́ kún un, dísù nìkan ló ń fi kún un. Bí dísù bá ṣe ń pọ̀ sí i tí afẹ́fẹ́ kò tó o, bẹ́ẹ̀ ni ooru ń ga sí i. Èéfín dúdú tí ẹ ń rí, dísù tí kò rí afẹ́fẹ́ jó tán ni. Tí ẹ bá tún wá tẹná, agbára tí ẹ máa rí kò tó nǹkan, ooru ni owó epo yín ń rà. Alumíníọ̀mù ni wọ́n fi ṣe pístìn tó ń lọ sókè sódò nínú ẹ́ńjìnnì, alumíníọ̀mù sì ń yọ́ ní nǹkan bí 660°C. Ọ́ìlì tó ń ta sí abẹ́ rẹ̀ ló ń dáàbò bò ó. Tí ooru bá pẹ́ jù, orí pístìn á sán tàbí kó jó, tọ́bò náà á sì fara gbá a.

Gíà ni kí ẹ fi gun òkè. Kí ẹ tó kan ẹsẹ̀ òkè ni kí ẹ ti wọ gíà kẹta, tàbí ìkejì tó bá ga gan-an. Ẹ má dúró dìgbà tí ọkọ̀ bá ń gbọ̀n. Ẹ jẹ́ kí RPM (iye ìgbà tí ẹ́ńjìnnì ń yí ní ìṣẹ́jú kan) wà láàárín 2,200 sí 2,800. Níbẹ̀, tọ́bò ń fẹ́ afẹ́fẹ́ dáadáa, omi àti fáànù ń yí kíákíá, dísù tí ẹ́ńjìnnì ń gbà lẹ́ẹ̀kan náà sì kéré. Ní gíà karùn-ún lórí 1,500, òdìkejì gbogbo rẹ̀ ni. Tí èéfín dúdú bá yọ, ẹ gbé ẹsẹ̀ sókè díẹ̀, ooru á já wálẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ẹ pa éèsì (AC) pẹ̀lú.

Ẹ ra geèjì ooru èéfín. Ara manifold (irin tó ń kó èéfín jáde láti inú ẹ́ńjìnnì) ni kí wọ́n de ẹnu rẹ̀ tó ń mọ ooru mọ́, ṣáájú tọ́bò, kí wọ́n sì tú manifold kúrò kí wọ́n tó lu ihò, torí èérún irin tó bá wọ tọ́bò á ba abẹ rẹ̀ jẹ́. 600°C kò léwu. Tó bá dé 680, ẹ dẹsẹ̀. Ẹ má jẹ́ kó dúró lókè 700. Tó bá jẹ́ ẹ̀yìn tọ́bò ni wọ́n dè é sí, ohun tó ń kà lè fi 100 sí 200 kéré sí òtítọ́.

Àmọ́ èéfín dúdú tó pọ̀ tó báyìí, ó ṣeé ṣe kí nǹkan ti bàjẹ́ tẹ́lẹ̀. Fílítà afẹ́fẹ́ ni mo kọ́kọ́ fura sí, torí eruku ibi tí wọ́n ń fọ́ òkúta kì í ṣeré. Ẹ gbé e sójú oòrùn. Tí ìmọ́lẹ̀ kò bá gba inú rẹ̀ kọjá, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ wo róbà tó so tọ́bò mọ́ intercooler (ohun tó ń mú afẹ́fẹ́ tọ́bò tutù): ibi tó bá rin fún ọ́ìlì, tàbí tó ń súfèé tí ẹ bá tẹná, ibẹ̀ ló ti là tàbí tí kílíìpù ti dẹ̀. Intercooler fúnra rẹ̀ máa ń wà lókè ẹ́ńjìnnì lára Hilux tó ní ihò lórí bọ́nẹ́ẹ̀tì; ẹ fi omi tí kò le fọ eruku inú rẹ̀. Tí gbogbo èyí bá pé, kí wọ́n yẹ nọ́súlù tó ń fọ́n dísù sínú ẹ́ńjìnnì wò, bóyá ó ń kán dísù sílẹ̀.

Tí ẹ bá dé ibi tí ẹ ń já òkúta sí, ẹ má pa ọkọ̀ lójú ẹsẹ̀. Ẹ jẹ́ kó ṣiṣẹ́ láìtẹná fún ìṣẹ́jú mẹ́ta sí márùn-ún, kí ọ́ìlì tó wà nínú tọ́bò má baà jó mọ́ ọ.