Ìbéèrè Yín, Ìdáhùn Wa: Prósẹ́sọ̀ àti káàdì gíráfíìkì fún kọ̀ǹpútà gémù olówó ńlá

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olóòtú wa. Mo fẹ́ to kọ̀ǹpútà gémù tuntun, owó mi sì ká káàdì gíráfíìkì RTX 5080. Ṣé prósẹ́sọ̀ Ryzen 9 9950X3D ni kí n fi tì í, àbí 9800X3D ti tó? Àbúrò mi ní ìnákúnàá ni mo fẹ́ ṣe. (Ìbàdàn)

Ìdáhùn: Àbúrò yín ló jàre, bó bá jẹ́ gémù nìkan lẹ fẹ́ máa gbá. Gémù fẹ́ràn cache (ìrántí kékeré tó yára nínú prósẹ́sọ̀) ju kí core (ẹ̀ka tó ń ṣe iṣẹ́ nínú rẹ̀) pọ̀ lọ. Ryzen 7 9800X3D ní core 8, gbogbo wọn ló sì jọ ń lo 96 MB cache L3. Core 16 ni 9950X3D ní, ṣùgbọ́n apá méjì ni wọ́n pín in sí: core 8 tó wà ní apá kan ló ní 96 MB yẹn, 32 MB péré ni 8 yòókù ní. Windows ló gbọ́dọ̀ mọ apá tí yóò gbé gémù sí. Bí ẹ kò bá fi chipset driver AMD tó ṣe Ryzen (sọ́fítíwià tó ń bá Windows darí prósẹ́sọ̀) sí i, tàbí tí ẹ yọ Xbox Game Bar (ètò Windows tó ń dá gémù mọ̀) kúrò, gémù lè bọ́ sí apá tí kò yẹ, kó sì máa kọsẹ̀. Ẹni tó tún ń fi ẹ̀rọ náà ṣiṣẹ́ fídíò ni core 16 wúlò fún.

Ìbéèrè kan ṣáájú èyí, ẹ kò sì sọ ọ́ fún wa: irú mọ́nítọ̀ wo lẹ ní? Píksẹ́ẹ̀lì (àmì kékeré tó para pọ̀ di àwòrán) tó wà lójú mọ́nítọ̀ 4K lé ní mílíọ̀nù 8. Ti 1080p jẹ́ bíi mílíọ̀nù 2. Káàdì ló ń ya gbogbo rẹ̀, kì í ṣe prósẹ́sọ̀. Nítorí náà, lórí 4K, káàdì ló máa ń kọ́kọ́ rẹ̀. Nínú ọ̀pọ̀ gémù níbẹ̀, Ryzen 5 9600X tí owó rẹ̀ kéré gan-an á fẹ́rẹ̀ẹ́ bá 9800X3D dọ́gba. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ 1080p tàbí 1440p tó ń sáré 240 Hz, prósẹ́sọ̀ gbọ́dọ̀ ṣètò férémù (àwòrán) 240 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ibẹ̀ ni cache ti ń jẹ́ orúkọ rẹ̀.

Ẹ dán an wò lórí ẹ̀rọ tí ẹ ń lò báyìí. Ẹ ṣí gémù, kí sọ́fítíwià MSI Afterburner máa fi iṣẹ́ GPU (káàdì yín) hàn yín. Bó bá dúró sí 97 sí 99%, káàdì ló ń fà yín sẹ́yìn. Bó bá wà ní 60%, tí ẹ dín resolution (iye píksẹ́ẹ̀lì) kù tí FPS (iye férémù ní ìṣẹ́jú-àáyá kan) kò gbéra, prósẹ́sọ̀ ni. Ẹ kọ́kọ́ pa V-Sync (ètò tó ń so FPS mọ́ iyára mọ́nítọ̀) o, kí ẹ má baà dá prósẹ́sọ̀ aláìṣẹ̀ lẹ́bi.

Ní ti RAM, ẹ fi ẹyọ méjì DDR5-6000 CL30 (irú RAM náà àti iyára rẹ̀), 16 GB kọ̀ọ̀kan, sí ihò kejì àti ìkẹrin láti ìhà prósẹ́sọ̀, kí ẹ sì tan EXPO (ètò tó ń jẹ́ kí RAM sáré dé iyára tí wọ́n kọ sí i) nínú BIOS (ètò ìpìlẹ̀ motherboard). Ẹ má ra ẹyọ mẹ́rin. Iyára wọn sábà máa ń já wálẹ̀.

Ìbéèrè: Láàrin RTX 5070, 5070 Ti àti RX 9070 XT, èwo ni kí n mú fún 1440p? Mo fẹ́ kó pẹ́ lọ́wọ́ mi. (Abẹ́òkúta)

Ìdáhùn: Ẹ fi 5070 sílẹ̀. 12 GB ni VRAM (ìrántí inú káàdì) rẹ̀, 16 GB ni ti méjì yòókù. Bí VRAM bá kún, káàdì á máa yá lára RAM kọ̀ǹpútà gba ojú PCIe (ihò tí káàdì wọ̀ lára motherboard), ọ̀nà yẹn sì lọ́ra gan-an. FPS àròpín lè dára lójú ìwé, síbẹ̀ àwòrán á máa dákú dájí. Bí gémù tó kún fún ray tracing (yíya ìmọ́lẹ̀ bíi ti gidi) lẹ fẹ́ràn, ẹ mú 5070 Ti. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, èyí tówó rẹ̀ bá kéré lọ́jà lọ́jọ́ náà ni kí ẹ mú.

Ìbéèrè: Inverter 1.5 kVA àti bátìrì 200 Ah méjì ni mo ní. Ṣé wọ́n lè gbé kọ̀ǹpútà tó ní 5080? (Èkó)

Ìdáhùn: Wọ́n lè gbé e, bí inverter bá jẹ́ pure sine wave (tí iná rẹ̀ ń lọ geere). Ẹ ṣírò rẹ̀: káàdì, 360 wáàtì, prósẹ́sọ̀ bíi 9800X3D, nǹkan bíi 120, mọ́nítọ̀, fáànù àti ìyókù, bíi 100. Ó ń lọ sí 600. Bátìrì 12 V méjì yẹn ní 4,800 Wh, ṣùgbọ́n bí wọn kì í bá ṣe lithium, ẹ má ṣe lò ju ìdajì lọ. Bí ẹ bá yọ èyí tí inverter fúnra rẹ̀ ń jẹ, wákàtí mẹ́ta àti díẹ̀ lẹ ní. Ẹ dín power limit káàdì (òpin iná tó lè jẹ) kù sí 80%, kí ẹ fi òpin sí FPS; ìyàtọ̀ tójú máa rí kò tó nǹkan. Bí inverter yín bá ní ibi tí wọ́n kọ UPS àti APL sí, ẹ fi í sí UPS, torí APL kì í tètè gbà á nígbà tí wọ́n bá mú iná, kọ̀ǹpútà á sì kú.

Power pack (èyí tó ń pín iná nínú kọ̀ǹpútà) 850 W ni NVIDIA tó ṣe 5080 ní kí ẹ lò fún un. Ẹ ti ẹnu wáyà 12V-2x6 tó ń gbé iná wọ káàdì wọlé títí àlàfo kankan kò fi ní sí mọ́, kí ẹ má sì tẹ̀ ẹ́ nítòsí ẹnu ihò. Ẹ fi bíi 3.5 cm sílẹ̀ kó tó tẹ̀. Èyí tí kò bá wọlé tán ló máa ń gbóná títí yóò fi yọ́.

Ìbéèrè: Wọ́n fẹ́ ta prósẹ́sọ̀ Intel i9-14900K tòkunbọ̀ fún mi lówó pọ́ọ́kú. Ṣé kí n rà á? (Ìkẹjà)

Ìdáhùn: Ẹ ṣọ́ra. Intel fúnra wọn jẹ́wọ́ lọ́dún 2024 pé fóltéèjì tó pọ̀ jù ń ba àwọn prósẹ́sọ̀ ìran 13 àti 14 jẹ́. Microcode 0x12B (àtúnṣe tí BIOS ń gbé wọ prósẹ́sọ̀) tó jáde ní oṣù kẹsàn-án ọdún náà ń dá ìbàjẹ́ yẹn dúró, ṣùgbọ́n kò lè tún èyí tó ti bàjẹ́ ṣe, ẹ kò sì mọ bí ẹni tó kọ́kọ́ ní in ṣe lò ó. Àmì rẹ̀ a máa tan ènìyàn jẹ: gémù tí wọ́n fi ètò Unreal Engine ṣe á kú nígbà tó bá ń to shader (ètò kékeré tó ń kun àwòrán gémù), á kọ "out of video memory", ẹni tó ni ín á sì lọ pààrọ̀ káàdì tí kò ṣe nǹkan kan. Ẹ ní kí wọ́n gbé e sórí motherboard tí BIOS rẹ̀ jẹ́ tuntun, kí ẹ tú fáìlì zip ńlá kan lórí rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Bí àṣìṣe kan bá yọjú, tàbí tí wọn kò jẹ́ kí ẹ dán an wò, ẹ má rà á.