Ṣé kí n ra router ni, àbí Packet Tracer ti tó?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá. Mo ní ilé ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà kékeré kan ní Sábó, Ìkòròdú, mo sì fẹ́ máa kọ́ àwọn ọmọ níṣẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Owó mi ò tó ra router (ẹ̀rọ tó ń so nẹ́tíwọ́ọ̀kì kan mọ́ òmíràn) àti switch (ẹ̀rọ tó ń so àwọn kọ̀ǹpútà pọ̀ nínú nẹ́tíwọ́ọ̀kì kan) fún ọmọ méjìlá. Ẹnì kan ní kí n má ra nǹkan kan, pé Packet Tracer, ètò orí kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń ṣe àfarawé nẹ́tíwọ́ọ̀kì, ti tó. Ẹlòmíràn ní ẹni tí ò fọwọ́ kan irinṣẹ́ ò mọ iṣẹ́. Ta ni kí n gbọ́ tiẹ̀?

Ìdáhùn: Ẹ kú ìfẹ́ ọmọ ọlọ́mọ, mà. Ẹ má ra router méjìlá. Ṣùgbọ́n Packet Tracer nìkan ò tó.

Ọ̀fẹ́ ni Cisco, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe router àti switch, ń fúnni ní Packet Tracer, kí ẹ ṣáà forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ Networking Academy wọn. Laptop lásán gbé e, bí iná bá sì lọ, bátìrì á ṣì máa gbé iṣẹ́ lọ. Ọmọ lè to router mẹ́wàá, kó dojú gbogbo rẹ̀ rú, kó tún un tò, láìná kọ́bọ̀. Ẹ tún lè dá dátà dúró lójú ọ̀nà kí wọ́n fojú rí bó ṣe ń ti ẹ̀rọ kan bọ́ sí èkejì. Router gidi ò lè fi ìyẹn han ẹnikẹ́ni.

Àmọ́ orí wáyà inú Packet Tracer kì í yọ. Ọmọ iṣẹ́ mi kan mọ̀ ọ́n lò bí ẹní mowó. Mo rán an lọ sí ọ́fíìsì kan ní Èbúté, níbi tí kọ̀ǹpútà kan ò ti rí íntánẹ́ẹ̀tì. Ó ń tẹ ping, àṣẹ tí a fi ń wò bóyá ẹ̀rọ kan ń dáhùn, ó ń pààrọ̀ àdírẹ́ẹ̀sì, ó lé ní wákàtí kan. Nígbà tí mo débẹ̀, iná kékeré tó wà níbi tí wáyà ti ń wọ kọ̀ǹpútà ò tàn rárá. Wọn ò tẹ orí wáyà náà dáadáa. Ó ṣì ń dùn mí, nítorí èmi ni n ò fi wáyà lé ọmọ náà lọ́wọ́ rí.

Nítorí náà, ẹ ra crimper méjì tí a fi ń tẹ orí mọ́ wáyà, tester kan tí a fi ń yẹ wáyà wò, orí wáyà RJ45 púpọ̀, wáyà nẹ́tíwọ́ọ̀kì Cat5e, switch méjì àti router tòkúnbọ̀ kan. Láti ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ni kí wọ́n ti máa gé wáyà, kí wọ́n to okùn mẹ́jọ inú rẹ̀ báyìí: funfun onílà ọsàn, ọsàn, funfun onílà ewé, búlúù, funfun onílà búlúù, ewé, funfun onílà búráùn, búráùn. Wọ́n á ba orí mẹ́ta mẹ́rin jẹ́. Ẹ jẹ́ kí wọ́n bà á jẹ́, títí iná mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ tester yóò fi tàn tẹ̀lé ara wọn.

Lọ́jọ́ kan, ẹ mú switch kékeré tí ò ní ohun tó ń dènà lúùpù (kí dátà máa yí po láìdúró), ẹ fi wáyà kan so ojú rẹ̀ méjì pọ̀. Kó má jẹ́ èyí tí ilé ẹ̀kọ́ ń lò o! Gbogbo iná rẹ̀ á máa ṣẹ́jú wìrìwìrì, kọ̀ǹpútà orí rẹ̀ ò ní lè bára wọn sọ̀rọ̀ mọ́. Ìgbà yẹn ni kí ẹ padà sórí Packet Tracer láti kọ́ wọn ní spanning tree, ìlànà tí switch fi ń dènà lúùpù. Wọ́n á ti mọ ìdí tó fi wà.

Ní ti tòkúnbọ̀, bí ẹ bá lọ sí Computer Village n'Íkẹjà, ẹ mú laptop àti wáyà console tí a fi ń so ó mọ́ router dání. Kí router náà tàn dópin lójú yín, kó má sì béèrè pásíwọ́ọ̀dù ẹni tó lò ó tẹ́lẹ̀, kí ẹ tó sanwó.