Ẹ Bi Wá Léèrè: Tágẹ́ẹ̀tì pé, owó ò pé

Lẹ́tà mẹ́ta la mú lọ́tẹ̀ yìí, ti ìyá oníbúrẹ́dì ló gùn jù torí òun ló ní ẹran lára jù.

Olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ní ilé búrẹ́dì l'Óṣogbo, ọkọ̀ mẹ́rin ló ń gbé e jáde fún mi láràárọ̀. Lọ́dún tó kọjá mo ṣe tágẹ́ẹ̀tì fún àwọn dírẹ́bà, ẹni tó bá gbé 600 búrẹ́dì jáde lójúmọ́ á gba owó lé owó oṣù ẹ̀. Wọ́n ń gbé e o, kódà wọ́n ń gbé jù bẹ́ẹ̀ lọ, àmọ́ tóṣù bá parí owó tí mo máa fi ra fúláwà kì í pé, gbèsè kún ìta, búrẹ́dì tó ti bu ń padà wálé. Àbúrò ọkọ mi ní kí n máa tò wọ́n láti ẹni kìíní dé ẹni ìkẹyìn, kí n máa lé ẹni tó bá ṣe ìkẹyìn lọ lọ́dọọdún, pé bí àwọn òyìnbó ṣe ń ṣe é nìyẹn. Ṣé kí n ṣe é? — Ìyá Oníbúrẹ́dì, Òṣogbo

Ẹ kú iṣẹ́ mà. Ẹ má tíì lé ẹnikẹ́ni o. Àwọn dírẹ́bà yín kì í ṣe ọ̀lẹ, wọn ò sì jalè (ó kéré tán, lẹ́tà yín ò sọ bẹ́ẹ̀), ohun tẹ́ ẹ ní kí wọ́n ṣe gan-an ni wọ́n ń ṣe. Ẹ ní kí búrẹ́dì máa jáde nílé, ó sì ń jáde.

Ẹ wo bó ṣe ń lọ níta. Dírẹ́bà á dé ọ̀dọ̀ ìyá kan tó ní ṣọ́ọ̀bù lẹ́bàá títì, ìyá yẹn á ní 10 tó òun, dírẹ́bà á ní "màmá, ẹ gba 25 jàre, ẹ má wulẹ̀ sanwó lónìí, èyí tí ò bá tà màá gbà á padà." Ta ló máa kọ irú ẹ̀? Ó ti kọ 25 sínú ìwé, tágẹ́ẹ̀tì ti sún síwájú nìyẹn. Ìyá wá ta 11, 14 tó kù wà lórí tábìlì nínú oòrùn, tó bá fi máa dọjọ́ kẹta tàbí ìkẹrin ó ti ń bu nínú ọ̀rá, ọkọ̀ tiyín yẹn náà ló sì máa fi epo tiyín gbé e padà wálé. Inú dírẹ́bà dùn, inú ìyá náà ò bàjẹ́, ẹ̀yin nìkan lẹ jẹ gbèsè ẹ̀.

Charles Goodhart, onímọ̀ ọrọ̀ ajé kan tó bá Bank of England ṣiṣẹ́, ti rí irú èyí láti 1975. Ọ̀rọ̀ owó ìlú ló ń sọ nígbà yẹn, pé nǹkan tí ìjọba ń fojú wò tẹ́lẹ̀ láti fi mọ bí nǹkan ṣe ń lọ, tí wọ́n bá ti fẹ́ máa fi darí àwọn èèyàn, kò ní ṣe é gbára lé mọ́. Iye búrẹ́dì tó jáde dáa láti mọ̀ o, ọjọ́ tẹ́ ẹ so owó mọ́ ọn ló bàjẹ́.

Andrew Grove, tó ṣe ọ̀gá ní Intel, iléeṣẹ́ tó ń ṣe ọpọlọ kọ̀ǹpútà, máa ń sọ pé tí èèyàn bá ń ka bí iṣẹ́ ṣe pọ̀ tó, kó tún máa ka nǹkan kejì tó máa tú àṣírí tí wọ́n bá ń ba iṣẹ́ náà jẹ́ kó lè pọ̀. Mo fẹ́ràn ìmọ̀ràn yẹn ju gbogbo ìwé gàgàrà tí wọ́n ń tà fún àwọn máníjà lọ. Lọ́dọ̀ tiyín, ẹ yọ búrẹ́dì tó padà kúrò nínú èyí tó jáde, kẹ́ ẹ wá wo owó tó wọlé lórí ìyókù. Àwìn tó bá ti lé ní ọ̀sẹ̀ kan, ẹ má kà á mọ́ èrè dírẹ́bà títí owó á fi dé. Owó tẹ́ ẹ ń fún wọn lé owó oṣù, orí owó tó wọlé ni kẹ́ ẹ gbé e kà, ẹ fi orí búrẹ́dì tó jáde sílẹ̀.

Àmọ́ ẹ má le koko mọ́ wọn lórí búrẹ́dì tó ń padà náà o. Tí dírẹ́bà bá mọ̀ pé gbogbo búrẹ́dì tó padà ló máa dín owó òun kù, bíńtín ló máa já sí ṣọ́ọ̀bù kọ̀ọ̀kan, nígbà tó bá máa fi di aago mẹ́sàn-án àárọ̀ búrẹ́dì yín ti tán níbẹ̀, tẹlòmíì làwọn èèyàn máa rà, ìwé yín á sì mọ́ tónítóní, kò ní fi nǹkan kan hàn. Díẹ̀ gbọ́dọ̀ padà. Ẹ̀yin lẹ mọ bí díẹ̀ yẹn ṣe máa pọ̀ tó, ẹ fi oṣù méjì wò ó ná kẹ́ ẹ tó fi owó kan án. Bákan náà, ọkọ̀ tó ń gba ọ̀nà Ìkìrun lọ sáwọn abúlé àti èyí tó ń já sí àárín Òṣogbo ò lè ní tágẹ́ẹ̀tì kan náà, ẹni tó ń wa ti abúlé á kàn máa ṣòfò agbára ni.

Ẹ tún máa bá ọ̀kan nínú àwọn ọkọ̀ yẹn jáde lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ má sọ tẹ́lẹ̀. Ẹ bá àwọn ìyá oníṣọ́ọ̀bù sọ̀rọ̀, ẹ ní kí wọ́n mú ìwé tiwọn wá kẹ́ ẹ fi wé tiyín. Ibẹ̀ lẹ máa ti gbọ́ ohun tí iye kankan ò ní sọ fún yín, pé búrẹ́dì ń pẹ́ kó tó dé, tàbí pé adùn ẹ̀ ti dín kù.

Ti àbúrò ọkọ yín wàyí. Òótọ́ ni pé òyìnbó kan ń ṣe é. Jack Welch, ọ̀gá àgbà iléeṣẹ́ General Electric (GE) l'Amẹ́ríkà láti 1981 sí 2001, ló sọ ọ́ di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká, pé kí ẹni mẹ́wàá tó kẹ́yìn nínú ọgọ́rùn-ún máa lọ. Microsoft náà ń to òṣìṣẹ́ bẹ́ẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, wọ́n sì pa á tì ní November 2013, torí àwọn òṣìṣẹ́ ti ń bá ara wọn jà dípò iṣẹ́. Ẹ̀yin wá ní dírẹ́bà mẹ́rin péré! Ẹnì kan gbọ́dọ̀ ṣe ìkẹrin bí gbogbo wọn tiẹ̀ dáa, ta ló wá máa júwe oníbàárà fún ẹnì kejì, ta ló máa dúró ran ẹni tí táyà ẹ̀ jò lọ́wọ́? Ẹ kí àbúrò ọkọ yín, ẹ ní a gbọ́ o.

Ẹ̀gbọ́n, mákẹ́tà ni mí ní báńkì kan l'Ékòó, òṣìṣẹ́ kọ́ńtíráàtì. Tóṣù bá ti ń parí lọ, mo máa ń bẹ kọ́ńtírátọ̀ kan pé kó jẹ́ kówó ẹ̀ sùn sọ́dọ̀ wa fún ọjọ́ méjì kí n lè lé tágẹ́ẹ̀tì bá, tóṣù tuntun bá ti wọlé ó ti gbé e lọ. Máníjà mi mọ̀. Ní báyìí wọ́n ti fi iye àkáǹtì tuntun kún un, ẹnì kan ní kí n máa fi orúkọ àwọn mọ̀lẹ́bí ṣí i. — Ó Ti Sú Mi, Èkó

Àbúrò mi, pẹ̀lẹ́. Àkáǹtì yẹn, má dán an wò. Má fi BVN tàbí NIN ẹnikẹ́ni ṣe nǹkan tí ò mọ̀ nípa ẹ̀, ìyá ẹ náà wà níbẹ̀.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní báńkì Wells Fargo l'Amẹ́ríkà nìyẹn. Wọ́n ní oníbàárà kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ní nǹkan mẹ́jọ lọ́dọ̀ báńkì, àkáǹtì, káàdì, yíyáwó, ojoojúmọ́ ni wọ́n ń béèrè iye tí òṣìṣẹ́ tà, làwọn òṣìṣẹ́ bá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí àkáǹtì tí oníbàárà ò mọ̀ nípa ẹ̀. Nígbà tó tú síta ní September 2016, ìjọba ní kí báńkì san 185 mílíọ̀nù dọ́là, ní 2020 wọ́n tún gbà láti san bílíọ̀nù mẹ́ta. Ọ̀gá àgbà wọn, John Stumpf, fipò sílẹ̀ ní oṣù October ọdún 2016 yẹn. Àmọ́ kó tó di pé ó lọ, báńkì ti lé bí 5,300 òṣìṣẹ́, àwọn tó wà nísàlẹ̀ bíi tìẹ ló sì pọ̀ jù nínú wọn. Máníjà tó mọ̀ lónìí á ní òun ò mọ̀ lọ́jọ́ náà, torí náà ohun tó bá ní kó o ṣe, ní kó kọ ọ́ ránṣẹ́, kó o sì tọ́jú ẹ̀.

Owó ọjọ́ méjì yẹn, mi ò ní parọ́ fún ẹ, kì í ṣe ìwọ lo máa tún un ṣe. Báńkì tó bá fẹ́ òótọ́ á wo iye tó wà nínú àkáǹtì látìbẹ̀rẹ̀ oṣù dópin, kò ní wo alẹ́ ọjọ́ tó gbẹ̀yìn nìkan. O lè dábàá ẹ̀ ní mítìn. Èyí tó wà lọ́wọ́ ẹ ni ibi tí ò ń lọ: ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, iléèwé kékeré tó ń sanwó fún tíṣà lóṣooṣù, àwọn ọlọ́jà tó ń ra ọjà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Owó wọn ò tó ti kọ́ńtírátọ̀, ṣùgbọ́n á dúró. Sì máa wá iṣẹ́ mìíì lábẹ́lẹ̀.

Iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ ni mò ń ṣe. Tí fọ́ọ̀mù APER, èyí tí wọ́n fi ń díwọ̀n iṣẹ́ òṣìṣẹ́ lọ́dọọdún, bá dé, ọ̀gá mi á ní kí n fúnra mi kọ gbogbo ẹ̀, òun á kàn sáìn. Gbogbo ọ́fíìsì wa ló ń gba máàkì tó dáa, àtẹni tó ń ṣiṣẹ́ àtẹni tó ń sùn. — Àgbà Akọ̀wé, Àbújá

Ẹ̀gbọ́n, gbogbo wa la mọ fọ́ọ̀mù yẹn. Ìjọba àpapọ̀ náà mọ̀, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ní PMS (Performance Management System), ọ̀nà tuntun láti díwọ̀n iṣẹ́ òṣìṣẹ́, ló máa rọ́pò ẹ̀, ó wà nínú ètò àtúnṣe iṣẹ́ ìjọba ti 2021 sí 2025. Nínú PMS, ó yẹ kí ẹ̀yin àti ọ̀gá ti jọ fẹnu kò lórí ohun tẹ́ ẹ máa ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún. Tí ọ̀gá tó ń sáìn láìkà á bá ṣì wà níbẹ̀, fọ́ọ̀mù tuntun ò lè mú kó kà á.

Ẹ máa kọ tiyín sílẹ̀ ní tiyín, fáìlì tó dé ọwọ́ yín, ọjọ́ tó wọlé, ọjọ́ tó jáde, ibi tó há sí àti ẹni tó há a. Tí ọ̀gá bá ní kẹ́ ẹ kọ fọ́ọ̀mù fúnra yín, ẹ ti ní nǹkan tẹ́ ẹ máa kọ, tí wọ́n bá sì gbé yín lọ sí ẹ̀ka mìíì kí ìgbéga tó kàn yín, ìwé yẹn máa bá yín lọ.